Àgò Ẹ̀ẹ̀mẹta

Ìrì wúwo ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá rìn kọjá láàrin àgbàdo, aṣọ rẹ̀ yóò rin dé orúnkún. Kùrukùru bo abúlé wa mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí ẹ̀yìnkùlé láti ẹnu ọ̀nà ìdáná, èéfín iná mi náà kò sì lè gòkè, ó kàn ń rá pálá nílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Mo rántí gbogbo rẹ̀ nítorí pé iná ẹ̀kọ ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ tí mo fi gbọ́ igbe Tíṣà láti inú balùwẹ̀. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó dìde lórí àpótí tí mo jókòó lé, mo ti mọ ẹni tó ṣe é.

Balùwẹ̀ agbo ilé wa kò ní ilẹ̀kùn nígbà náà. Páànù ògbólógbòó la fi yí i ká, aṣọ la fi ta á lẹ́nu. Ẹni tó bá wọlé yóò fi ìró rẹ̀ kọ́ sórí páànù. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti rí aṣọ níbẹ̀, yóò dúró lókèèrè, yóò kàgò, bí wọ́n bá sì sọ fún un pé ẹnì kan wà níbẹ̀, yóò yí padà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ èyí nínú agbo ilé wa. Tíṣà, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé abúlé, tó sì gba yàrá kan lọ́wọ́ wa, kò lò ju ọjọ́ méjì lọ lọ́dọ̀ wa tó fi mọ̀ ọ́n. Aṣọ rẹ̀ wà lórí páànù ní àárọ̀ yẹn. Ọmọ mi ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó wọlé tọ̀ ọ́, ó sì dì í mú, ó fọwọ́ kàn án níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tí kò fún un láyè. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti obìnrin náà ni ìyókù, kì í ṣe tèmi láti máa rò káàkiri.

Nígbà tí a débẹ̀, ó ti já ara rẹ̀ gbà, ó fi ẹ̀yìn ti páànù, ọṣẹ wà lójú rẹ̀, ó ń sunkún. Ọmọ mi dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ ìborùn mi fún Tíṣà, mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, mo ní kó ṣàánú mi, mo ní ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan. Ó fi ìborùn náà bo ara rẹ̀. Kò pariwo mọ́.

"Màmá," ó ní, "ọmọdé kọ́ ló dì mí mú."

Kí n sọ irú ọmọ tí mo ń sọ. Ọmọ mi kẹta ni. Ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀, ó sì lè dá gbé àpò gbágùúdá tí ọkùnrin méjì ń gbé. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọpọlọ rẹ̀ kò ti bá ọjọ́ orí rẹ̀ rìn. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó sọ̀rọ̀, ilé ìwé sì dá a padà fún mi lẹ́yìn ọdún kan. Bí ó bá ń ka nǹkan, yóò ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Lẹ́yìn ẹẹ́ta, "púpọ̀" ló kù. Nínú agbo ilé, gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, irú ìfẹ́ yìí ló sì ṣe é léṣe. "Ọmọdé ni, ẹ fi í sílẹ̀," ọ̀rọ̀ tí a fi tọ́ ọ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, òun kò dọ̀bálẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàgò kí wọ́n tó wọ yàrá obìnrin, òun a máa wọlé bí ewúrẹ́. Àwọn obìnrin a máa pààrọ̀ aṣọ lójú rẹ̀. Èmi alára ṣì ń wẹ̀ ẹ́ ní ojúde, bí irùngbọ̀n tilẹ̀ ti hù lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wá sọ fún mi pé ó fọwọ́ kan òun láyà, mo fi ẹ̀rín gbé e mì, mo ní ọmú ìyá ló ń wá. Òmíràn kàn ṣíwọ́ wíwá fọ́n iná lọ́dọ̀ mi, n kò bi í léèrè ìdí. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà. Mo rò pé ẹni tó bá bo ọmọ rẹ̀ dáadáa ni ìyá rere.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ àáfà ti gba igi lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ na ọmọ náà, àwọn àgbà pé jọ sábẹ́ máńgòrò. Ọkọ mi ti kú, àáfà ló dúró fún un. Ẹnì kan ní kí a mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń de irú wọn mọ́ ìtì igi. Ẹnì kan ní kí a kọ́ ahéré fún un ní òdìkejì odò. Ìyá àgbà kan ní ara ọkùnrin ló ń dà á láàmú, ìyàwó ni oògùn rẹ̀. Èyí ni mo gbà mọ́ra jù. Mo tilẹ̀ ti ń ronú kan ọmọ tí a lè lọ tọrọ fún un, bí ẹni pé àkísà tí a fi ń dí ihò ni ọmọ ẹlòmíràn. Tíṣà jókòó láàrin wa, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Ẹ ti sọ ti ọmọ yín tán. Ta ló sọ tèmi?"

Ó kó ẹrù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ lọ sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Inú bí mi sí i nígbà náà, mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ pa mí lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá obìnrin tó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ jẹ́ onísùúrù èèyàn. Ó bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ títí, ó bi í ní ọjọ́ tí a wà, ó bi í ní ohun tó ṣe, ó rí i pé ó lóye díẹ̀, kò sì lóye púpọ̀. Ó ní òun kò ní pa ìwé ẹ̀sùn náà dé, yóò wà nílẹ̀. Ó rán wa sí nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìtọ́jú tó wà lápá Ṣáṣá, ẹni tó ń tọ́jú irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Bí a bá pa ọjọ́ kan jẹ, tàbí bí ọmọ mi bá tún dán irú rẹ̀ wò, wọn yóò wá mú un. Tíṣà ní òun gbà, bí ó bá jẹ́ pé kò ní wá sí àdúgbò òun mọ́. Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní gbogbo Ọjọ́rú, èmi àti òun lórí ọ̀kadà kan, ẹ̀gúsí mi nínú ike lórí itan mi, kí n lè máa bó o níbi tí mo bá ti ń dúró dè é.

Mo ti rò pé abẹ́rẹ́ ni wọn yóò gún un. Nọ́ọ̀sì kò gún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń kó jọ sínú yàrá kan, gbogbo wọn bíi ti ọmọ mi, kálukú pẹ̀lú ohun tó ṣe. Ọ̀rọ̀ ni oògùn rẹ̀, àti àwòrán, àti eré. A jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, àwa ìyá àti ẹ̀gbọ́n, etí wa sì wà lójú fèrèsé. Ní ọjọ́ kìíní tó pè mí wọlé, mo ti múra sílẹ̀ láti sọ fún un pé ọmọdé ni. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

Mo sọ fún un.

"Ẹ ó bá mi pè wọ́n ní ọkùnrin, láti òní lọ. Ohun tí ọkùnrin ṣe ni a fẹ́ wò. Bí a bá ń pè wọ́n lọ́mọdé, kò sí ohun tí a lè kọ́ wọn."

Ó dùn mí pé ẹni tí mo bí irú rẹ̀ ń fi "wọ́n" pe ọmọ mi. Bóyá ojú ló sì tì mí, nítorí kò sẹ́ni tó fi "wọ́n" pè é rí.

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì roboto sílẹ̀, ọ̀kan nínú òmíràn. Ti àárín ni ara ẹni, èyí tó tẹ̀ lé e ni ìyá àti ẹbí, èyí tó wà lóde pátápátá ni àjèjì. Ọmọ mi wò ó, ó lọ jókòó sí àárín, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọjọ́rú mẹ́ta la fi ṣe èyí, kò yé e. Àáfà ló rí ọ̀nà. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ ṣọ́ọ̀kì náà fún un, ó ní nínú ẹ̀sìn tiwa, ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà onílé yóò tọrọ àyè lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọn kò bá dá a lóhùn, kó yí padà, kó má sì bínú. "Ṣé ẹẹ́ta kọ́ ni ọmọkùnrin yìí lè kà?" ó ní. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá nọ́ọ̀sì, ẹni tí í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ti ń fi irú àáfà bẹ́ẹ̀ pamọ́ látọjọ́ yìí, ó sì mú àkísà, ó nu gbogbo àmì roboto náà kúrò.

Àgò la wá ń kọ́. Àgò lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, àgò níwájú balùwẹ̀, àgò níwájú yàrá. Nọ́ọ̀sì ní ara èèyàn pẹ̀lú ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀: bí o bá fẹ́ di ẹnì kan lọ́wọ́ mú, kàgò, bó o bá fẹ́ jókòó tì í, kàgò. Gbogbo agbo ilé kọ́ ọ pẹ̀lú wa. Àwọn obìnrin ṣíwọ́ pípààrọ̀ aṣọ lójú rẹ̀, mo sì ṣíwọ́ wíwẹ̀ fún un. Ó kọ́ bí a ti ń dá wẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ọṣẹ ló ń lọ sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ń ṣe é bákan, nọ́ọ̀sì ní kó kúrò níbi tó wà, kó lọ fa omi tàbí kó lọ ro ebè. Ní oṣù náà, èmi ni mo ní ebè jù ní abúlé wa.

Ọjọ́rú kan wà tí n kò ní gbàgbé. Mo ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ fèrèsé, mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì bi í ní ohun tó ṣe. Tẹ́lẹ̀, "Eré ni" ló máa ń wí. Lọ́jọ́ náà ó ní, "Mo wọ balùwẹ̀ Tíṣà. Aṣọ wà lórí páànù. Mo rí aṣọ."

Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó rí aṣọ. Èmi tí mo ti ń búra fún gbogbo ayé pé kò mọ nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Kí ni Tíṣà ń ṣe?"

"Ó ń sunkún."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ń rẹ́rìn-ín." Ó ní, "Kò dáa."

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo rán an jáde láìwọ nǹkan kan.

Kò gún régé láti ìgbà náà lọ o. Ní oṣù kẹrin, ìyá àgbà tó ní kí a fẹ́ ìyàwó fún un ń pààrọ̀ aṣọ nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Àgò àgò àgò," nínú èémí kan, ó sì wọlé. Kò fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ìyá náà fi ìgbálẹ̀ lé e dé ojúde, ó ń pariwo pé ṣé ìyàwó tí òun ní kí wọ́n fẹ́ fún un, òun ni ó wá fi ṣe. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. N kò lè rín. Ìwé àgọ́ ọlọ́pàá wà nílẹ̀. Mo rò ó pé kí n má sọ fún nọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà náà ní bí n kò bá sọ, òun náà kò ní sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e káyà. Ní Ọjọ́rú, lórí ọ̀kadà, mo rántí obìnrin tó ṣíwọ́ wíwá fọ́n iná lọ́dọ̀ mi, ẹni tí mo fi ìdákẹ́jẹ́ pa lẹ́nu mọ́. Mo sọ ọ́ kí n tó jókòó.

Nọ́ọ̀sì kò pe ọlọ́pàá. Ó ní àṣìṣe náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. A ti kọ́ ọ láti kàgò, a kò kọ́ ọ láti dúró. Ó rò pé àgò ló ń ṣílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ló ń ṣí i. Láti ìgbà náà a ń kọ́ ọ ní dídákẹ́. Nọ́ọ̀sì a kọ́jú sí ògiri, ọmọ mi a kàgò lẹ́ẹ̀kan, a ká ìka kan, a dúró. Nígbà mìíràn nọ́ọ̀sì a ní "Àgò yà," nígbà mìíràn a ní "Rárá," lọ́pọ̀ ìgbà kò ní sọ nǹkan kan. Èyí tí kò sọ nǹkan kan yìí ló le jù fún un. Mo wò ó láti ojú fèrèsé, òógùn bò ó.

Ọjọ́ kan náà ni nọ́ọ̀sì yí sí mi. "Ìyá, ta ló ń kàgò lẹ́nu ọ̀nà tiwọn?"

Mo ní ẹnu ọ̀nà ta ni.

"Ti ọmọ yín. Wọ́n ní yàrá. Ta ló ń tọrọ àyè kó tó wọ̀ ọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi tí mo bí i, tí mo mọ gbogbo ara rẹ̀, èmi ni kí n máa kàgò fún un? Ó ní ẹ̀yin gan-an. Gbogbo ohun yòókù tó ní kí n ṣe ni mo ṣe. Èyí nìkan ni n kò lè ṣe. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ní kí n kí ọwọ́ ara mi kí n tó lò ó.

Ohun kan tún wà tó ní kí n má ṣe, tí mo ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbé iṣu àti àgbàdo lọ bẹ Tíṣà. Ní ìgbà kìíní ó gbà á nítorí ojú àgbà. Ní ìgbà kejì ó ní kí n máa gbé e padà. Nọ́ọ̀sì ní kí n fi í sílẹ̀, ìdáríjì kì í ṣe ẹrù tí à ń lọ gbà nílé ẹni. N kò gbọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ń lọ ní Ọjọ́rú, ọmọ mi ń ṣe dáadáa, mo sì fẹ́ kí Tíṣà rí i, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Bí a ti ń bọ̀ láti Ṣáṣá, mo ní kí ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé. Ọmọ mi ní, "Nọ́ọ̀sì ní ká má wá síbí." Mo ní kó máa bọ̀.

Ilẹ̀kùn Tíṣà ṣí sílẹ̀. Ó jókòó nínú yàrá, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ti ọmọ mi síwájú, mo ní, "Lọ bẹ̀ wọ́n."

Kò lọ. Ó dúró lókèèrè, níbi tí sìmẹ́ńtì ti pàdé iyẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Àgò o."

Tíṣà gbójú sókè. Ó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà, kò sì mí mọ́, bí ẹni tí ejò kọjá lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi ká ìka kan. Ó dúró. "Àgò o." Ó ká ìkejì. Ewúrẹ́ kan kọjá láàrin wa. "Àgò o." Ó ká ìkẹta, ó sì dúró pẹ́ ju ti àwọn tó ṣáájú lọ. Tíṣà kò sọ nǹkan kan. Mo la ẹnu mi láti bá a bẹ̀bẹ̀, láti ní kó dáhùn, kó tilẹ̀ bú u. Ọmọ mi fà mí ní ìró.

"Wọn ò dáhùn, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

A yí padà. A kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ tí Tíṣà rọra ti ilẹ̀kùn, tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo mọ ẹni tí Tíṣà ti ilẹ̀kùn náà mọ́. Kì í ṣe ọmọ mi. Òun ti tọrọ àyè, wọn kò fún un, ó sì ń lọ. Èmi ni mo mú ohun tó ń bà á lẹ́rù wá dúró sí ojúde rẹ̀, nítorí kí ọkàn tèmi lè balẹ̀.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Wọ́n ti gbé Tíṣà lọ sí ilé ìwé mìíràn, kò sì sọ fún mi rí pé òun dárí jì wá. N kò bèèrè mọ́. Balùwẹ̀ wa ti ní ilẹ̀kùn igi àti ìkọ́, káfíńtà ló ṣe é. Ọmọ mi ṣì ń lọ rí nọ́ọ̀sì, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò sì sí ọjọ́ tí mo lè sọ pé ó parí. Ohun tí à ń ṣọ́ ni, bí à ti ń ṣọ́ iná. Ẹní bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ti pọ̀n ọ́n pẹ́ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Bí àwọn ìyá tí ọmọ wọn rí bẹ́ẹ̀ bá wá bi mí ní oògùn, ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí a padà lẹ́nu ọ̀nà Tíṣà ni mo máa ń rò fún wọn.

Mo kírun àsùbáà, mo po ẹ̀kọ, mo bu tirẹ̀ sínú abọ́, mo sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ti gòkè láti wọlé, bí ó ti máa ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Mo fà á padà. Mo ní, "Àgò o."

Mo tún un pè. Mo gbọ́ tí ibùsùn dún.

"Ta ni?"

"Èmi ni. Ìyá rẹ ni."

Ó ní, "Ẹ dúró, Ìyá. Mi ò tíì wọ ṣòkòtò."

Abọ́ náà gbóná lọ́wọ́ mi, ẹ̀kọ inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì lójú. Mo dúró.